Owó Iṣẹ́ Lọ́tọ̀, Owó Ohun Èlò Lọ́tọ̀: Ìtàn Iṣẹ́ Ọwọ́ Nìkan nínú Ilé Kíkọ́

Nínú ìṣirò iye ilé, iṣẹ́ ọwọ́ nìkan ni èyí tí ẹni tó gbà á kò ní mú ohun èlò kankan wá. Onílé ni yóò ra simẹ́ńtì, yanrìn, búlọ́ọ̀kù, irin àti páànù. Bíríkìlà tàbí kápẹ́ńtà yóò mú irinṣẹ́ rẹ̀ dé, yóò ṣiṣẹ́, yóò sì gba owó iṣẹ́ rẹ̀. Lórí kọ̀ǹpútà tí àwọn agbaṣẹ́ṣe fi ń ṣírò lóde òní, irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ jẹ́ ìlà kan tí àyè owó ohun èlò rẹ̀ ṣófo, tí àkíyèsí ṣókí kan sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tó ń sọ ẹni tí yóò ra kí ni. Kì í ṣe kọ̀ǹpútà ló dá ìlà náà sílẹ̀. Ó wà nínú ìwé àwọn tó tún London kọ́ lẹ́yìn iná ńlá, ó sì wà láìsí ìwé rárá ní ilẹ̀ Yorùbá.

Ní ilẹ̀ Yorùbá àtijọ́, ohun èlò ilé kì í sábà jẹ́ ohun tí à ń fi owó rà. Ilẹ̀pa tí wọ́n fi ń mọ ògiri wà lórí ilẹ̀ ẹbí. Wọ́n á gbẹ́ ẹ, wọ́n á bu omi sí i, wọ́n á fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi rọ̀. Ìpele kan ni wọ́n ń mọ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á sì jẹ́ kí ó gbẹ kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń kọ́lé. Samuel Johnson sọ nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, pé ògiri náà sábà máa ń ga tó ẹsẹ̀ bàtà 7 tàbí 8. Inú igbó ni igi òrùlé ti ń wá. Koríko bẹẹrẹ ni wọ́n fi ń bo ilé ní ilẹ̀ ọ̀dàn apá Ọ̀yọ́, ewé gbòdògì sì ni tàwọn ará igbó bíi Ìjẹ̀bú.

Ohun tó wá kù tí onílé gbọ́dọ̀ wá ni ọwọ́. N. A. Fadipẹ, tó kọ iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ lórí àwùjọ Yorùbá ní London ní 1939, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ ní ìwé ní 1970, ya àáró sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀wẹ̀. Àáró jẹ́ gbèsè ọwọ́: ẹni tí ẹgbẹ́ bá bá ṣiṣẹ́ lónìí gbọ́dọ̀ bá ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ṣe tirẹ̀ bó bá kàn án, oko ni wọ́n sì ń lò ó fún jù. Ọ̀wẹ̀ ló ń mọ ilé. Ẹni tó bẹ ọ̀wẹ̀ kò jẹ gbèsè ọjọ́ iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n oúnjẹ àti ẹmu tó tó gbọ́dọ̀ wà, nítorí orúkọ rẹ̀ ni wọn yóò máa mẹ́nu bà bí ebi bá pa àwọn tó ń tẹ amọ̀. Ọkọ ìyàwó náà a máa kó ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ mọ ògiri tàbí bo ilé fún àna rẹ̀, àwọn tó ń wòran a sì máa ka iye ènìyàn tó tẹ̀ lé e.

Kò yẹ kí ẹwà ọ̀wẹ̀ bo ìyókù mọ́lẹ̀. Ẹrú àti ìwọ̀fà wà lára àwọn tó mọ ògiri agbo ilé àwọn olóyè ńlá. Ìwọ̀fà ń ṣiṣẹ́ dípò èlé owó tí ẹbí rẹ̀ yá, kò sì sí ẹni tó bi í bóyá ó fẹ́. Alágbàṣe náà wà, ẹni tó ń gba owó lórí iṣẹ́ tí wọ́n bá a dá. Ní gbogbo ọ̀nà wọ̀nyí, ohun kan náà ló dúró: ilẹ̀ àti igbó ló mú ohun èlò wá, ọwọ́ nìkan ló ní iye. Nítorí náà kò sí ìdí láti pín owó ilé sí ọ̀nà méjì.

Nílùú London, ìpín náà di ọ̀rọ̀ ìwé lẹ́yìn iná ọdún 1666, tó jó ilé tó lé ní 13,000 àti ṣọ́ọ̀ṣì 87. Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ pọ̀ ju ohun tí onílé lè máa dúró tì lọ, kò sì sí ẹni tó fẹ́ san owó ojúmọ́ fún ẹni tó ń fi ọjọ́ ṣòfò. Àwọn adíwọ̀n wá di ẹni tí gbogbo ènìyàn ń wá. Bí iṣẹ́ bá parí, wọ́n á wọn ògiri, òrùlé àti fèrèsé, wọ́n á sì ṣírò iye tó tọ́ sí oníṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Nínú lẹ́tà kan tí Christopher Wren, ayàwòrán ilé, kọ sí Bíṣọ́ọ̀bù Fell ti Oxford ní 1681, ó ka ọ̀nà 3 tí a lè gbà gbéṣẹ́ fúnni: ní ojúmọ́, ní ìwọ̀n, àti lódindi. Ti ìwọ̀n ló yàn. Ìdí tó fi yàn án ni pé ó jẹ́ kí òun rí ẹyọ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí òun sì mọ ohun tó yẹ kí òun pèsè. Ẹni tó ń ra ohun èlò fúnra rẹ̀ ló ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ńlá St Paul's ti Wren láti 1675 sí 1710, pẹ̀lú owó orí tí wọ́n ń gbà lórí èédú, ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó o ló ń ra òkúta Portland. Àwọn ọ̀gá bíi Joshua Marshall àti Thomas Strong ń gba owó gbígbẹ́ àti títò rẹ̀.

Oníṣẹ́ ní ọgbọ́n tirẹ̀, onílé sì mọ̀. Ní 1748 Batty Langley tẹ ìwé kan jáde nípa iye ohun èlò àti iye iṣẹ́ àwọn bíríkìlà London, ó sì kọ ọ́ mọ́ àkọlé ìwé náà pé òun fẹ́ tú àṣírí ìrẹ́jẹ tó wà nínú iṣẹ́ wọn. Ẹni tó bá ra búríkì fún oníṣẹ́ kò lè mọ iye tó fọ́ lóòótọ́ àti iye tó gba ojú ọ̀nà mìíràn lọ, àfi bí ó bá mọ iye búríkì tó yẹ kí ògiri náà jẹ. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ló sọ ìmọ̀ yẹn di ohun tí onílé lè fi owó rà.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀nà kẹta nínú ti Wren borí. Ní nǹkan bí 1815 Thomas Cubitt kó bíríkìlà, kápẹ́ńtà àti àwọn oníṣẹ́ yòókù jọ sábẹ́ ara rẹ̀, ó ń san owó fún wọn láìdáwọ́ dúró, ó sì ń gba ilé lódindi. Onílé kò rí owó iṣẹ́ àti owó ohun èlò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ mọ́. Iye kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbé fún un, ìpín náà sì di àṣírí inú ọ́fíìsì agbaṣẹ́ṣe. Àwọn adíwọ̀n, tí à ń pè ní quantity surveyor, dá sí i. Wọ́n ń kọ ìwé tó to gbogbo iṣẹ́ ilé lẹ́sẹẹsẹ pẹ̀lú ìwọ̀n wọn, kí gbogbo agbaṣẹ́ṣe tó ń dá owó lè dá a lórí ohun kan náà. Ẹgbẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ ní 1868, ìlànà ìwọ̀n kan ṣoṣo fún gbogbo ilẹ̀ náà sì jáde ní 1922. Inú irú ìwé yìí ni ìlà iṣẹ́ ọwọ́ nìkan tún ti yọjú. Bí onílé bá fẹ́ ra ilẹ̀kùn tàbí abọ́ ìwẹ̀ fúnra rẹ̀, adíwọ̀n yóò kọ ọ́ pé kí agbaṣẹ́ṣe gbà á lọ́wọ́ ẹni tó gbé e wá, kí ó já a, kí ó tọ́jú rẹ̀, kí ó sì dè é mọ́ ibi tó yẹ, láìra á. Ẹ kíyè sí i pé ọ̀rọ̀ ìṣe mẹ́rin ló wà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ní owó tirẹ̀.

Ní òdì kejì òkun, ní Salvador da Bahia ní ilẹ̀ Brazil, ọwọ́ ti di ọjà tí wọ́n ń háyà. Àwọn ẹrú tí olówó wọn rán sígboro kí wọ́n máa wá iṣẹ́, tí wọ́n ń pè ní ganhadores, ń kó iye tí wọ́n dá lé wọn fún olówó wọn. Èyí tó bá ṣẹ́ kù ni wọ́n ń fi pamọ́ láti ra ara wọn padà. Nàgó, ìyẹn ọmọ Yorùbá, pọ̀ nínú wọn. Alárù ni èyí tó pọ̀ jù, ṣùgbọ́n bíríkìlà àti kápẹ́ńtà wà lára àwọn tó ń jẹun lọ́nà yìí. Nígbà tí ìjọba ìlú ní kí wọ́n san owó ìwé àṣẹ kí wọ́n sì so àmì mọ́ ọrùn ní 1857, wọ́n da iṣẹ́ sílẹ̀, ẹrù sì dúró sójú kan ní Salvador fún ọjọ́ púpọ̀.

Àwọn tó padà wálé láti ibẹ̀, tí Èkó mọ̀ sí Àgùdà, kó iṣẹ́ ọwọ́ náà bọ̀. Lázaro Borges da Silva àti Francisco Nobre ló kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì Holy Cross tó parí ní 1881. João Baptista da Costa ló bójú tó kíkọ́ mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey, tí wọ́n ṣí ní 1894. Ilé bẹ́ẹ̀ kò ṣeé fi ọ̀wẹ̀ kọ́. Ẹnikẹ́ni lè tẹ amọ̀, ṣùgbọ́n òpó tí a gbẹ́ ọnà sí lára àti fèrèsé olóríi-ṣóńṣó nílò ẹni tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá tó sì gba òmìnira. Ohun èlò pẹ̀lú ti di ọjà: búríkì, páànù àti simẹ́ńtì ń gba orí omi wá, ó sì ní iye tí oníṣòwò ń pè. Láti ìgbà yìí ni owó ilé ní Èkó ti ní apá méjì tí a lè yà sọ́tọ̀.

Ìjọba amúnisìn sì mú owó ojúmọ́ wọ̀lú. Ẹ̀ka tó ń bójú tó iṣẹ́ òde ìjọba ní Èkó kó bíríkìlà, kápẹ́ńtà àti lébírà jọ, ó ń sanwó fún wọn ní ojúmọ́, kò sì bìkítà fún àdéhùn ẹnu. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1897, nígbà tí Gómìnà McCallum fẹ́ yí wákàtí iṣẹ́ padà, àwọn òṣìṣẹ́ bí 3,000 kọ̀ láti ṣiṣẹ́. Ìdásẹ́sílẹ̀ ńlá àkọ́kọ́ nìyẹn nílùú Èkó, àwọn tó ń kọ́lé àti ọ̀nà ló sì ṣe é, àwọn tí kò ní ohun mìíràn láti tà ju ọwọ́ wọn lọ.

Ní Amẹ́ríkà, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọwọ́ náà bí ẹni ka owó. Halbert Gillette tẹ ìwé ńlá kan jáde ní 1905 tó kó iye iṣẹ́ lóríṣiríṣi jọ fún àwọn agbaṣẹ́ṣe. Ìwé Frank Walker tẹ̀ lé e ní 1915. Robert Snow Means sì bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 1942. Frank Gilbreth, tó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ to búríkì rí, ní òun dín ohun tí bíríkìlà ń fi ara ṣe lórí búríkì kan kù láti 18 sí 5. Ohun tí irú ìwé báyìí fi kún ọ̀rọ̀ Wren ni wákàtí: wọ́n ń sọ wákàtí tí ẹyọ iṣẹ́ kan ń gbà, ẹni tó ń ṣírò á wá fi owó wákàtí ìlú tirẹ̀ sọ ọ́ di owó. Orí ìpìlẹ̀ yìí ni ètò kọ̀ǹpútà fún ìṣirò ilé ṣì dúró lé títí di òní.

Ní Bìrìtìkó, iṣẹ́ ọwọ́ nìkan ti di ọ̀rọ̀ ìjà nígbà tó fi di àwọn ọdún 1960. Àwọn agbaṣẹ́ṣe kò fẹ́ gba òṣìṣẹ́ síṣẹ́ mọ́; wọ́n ń gbé títo búríkì tàbí rírẹ́ ògiri fún ẹgbẹ́ kékeré ní owó kan gbágbá, láìsí ìsinmi tí a ń sanwó fún, láìsí owó ìbánigbófò, ọ̀pọ̀ wọn kò sì san owó orí. Ìgbìmọ̀ tí Phelps Brown ṣe alága rẹ̀ gbé ìròyìn jáde lórí rẹ̀ ní 1968. Òfin owó ọdún 1971 wá ní kí agbaṣẹ́ṣe máa yọ owó orí sílẹ̀ kó tó sanwó fún irú oníṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà ìdásẹ́sílẹ̀ ńlá ọdún 1972, fífi òpin sí àṣà náà wà lára ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé ń bèèrè, wọ́n sì rán àwọn kan lára wọn lọ sẹ́wọ̀n lẹ́yìn ẹjọ́ tí wọ́n ṣe ní Shrewsbury. Ọdún 2021 ni ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tó fagi lé ìdájọ́ náà. Títí di òní, owó iṣẹ́ nìkan ni wọ́n ń yọ owó orí náà nínú rẹ̀, wọn kì í yọ ọ́ lára owó ohun èlò. Ọmọ Yorùbá tó ń ṣe púlọ́ńbà ní Peckham nílùú London gbọ́dọ̀ ya méjèèjì sọ́tọ̀ nínú ìwé owó rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọn lè yọ owó orí lára páìpù tó ti fi owó ara rẹ̀ rà.

Ní Nàìjíríà, simẹ́ńtì ló pinnu ọ̀nà tí iṣẹ́ yóò gbà. Ilé iṣẹ́ simẹ́ńtì Ewékorò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1960, ilé alámọ̀ sì ń fi àyè sílẹ̀ fún ilé búlọ́ọ̀kù. Nígbà tí owó epo dé, ìjọba Gowon ra simẹ́ńtì bí mílíọ̀nù 20 tọ́ọ̀nù láti òkè òkun, nígbà tí gbogbo simẹ́ńtì tí èbúté Èkó lè já lọ́dún kan kò ju bíi mílíọ̀nù kan lọ. Ní 1975, ọ̀gọ́rọ̀ọ̀rún ọkọ̀ dúró lójú omi, simẹ́ńtì dì nínú wọn. Lẹ́yìn tí ìjọba Babangida mú ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní SAP wá ní 1986, tí náírà jábọ́, kò sí agbaṣẹ́ṣe tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé iye tí òun pè lónìí yóò dúró títí ilé yóò fi kan òrùlé.

Àwọn onílé náà kì í kọ́lé tán lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n ń ra simẹ́ńtì mélòó kan lóṣù yìí, tírípù yanrìn kan lóṣù tó ń bọ̀, ìpìlẹ̀ lè dúró fún ọdún méjì kí búlọ́ọ̀kù tó gun orí rẹ̀. Ìbẹ̀rù pé agbaṣẹ́ṣe yóò bu owó lé simẹ́ńtì tàbí kó po yanrìn mọ́ ọn ju bó ṣe yẹ lọ tún wà níbẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ nìkan ló bá gbogbo èyí mu, ìdí nìyẹn tó fi gbilẹ̀ láàárín ará ìlú bí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tilẹ̀ ń gba ilé lódindi. Oníṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ní ìwọ̀n tirẹ̀: bíríkìlà ń gba owó lórí ẹyọ búlọ́ọ̀kù, àwọn tó ń tẹ irin ń gbà á lórí tọ́ọ̀nù, ẹni tó ń lẹ táìsì lórí mítà onígun mẹ́rin, oníná mànàmáná lórí pọ́íǹtì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá mọ̀ pé mítà onígun mẹ́rin kan nínú ògiri búlọ́ọ̀kù íǹṣì 9 ń gba búlọ́ọ̀kù bí 10 lè ṣírò owó ọwọ́ gbogbo ògiri ilé rẹ̀ láàárín wákàtí kan. Ọgbọ́n Wren náà nìyí, tí a kò kà nínú ìwé Wren.

Ẹgbẹ́ àwọn quantity surveyor Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ní 1969. Ìlànà ìwọ̀n ti Bìrìtìkó ni wọ́n kọ́kọ́ ń tẹ̀ lé kí wọ́n tó ṣe tiwọn, tí wọ́n pè ní BESMM. Nígbà náà, pẹ̀lú bírò àti ìwé onílà ni wọ́n ń ṣe ìṣirò. Lẹ́yìn náà ni àwọn ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣírò lórí àtẹ dé: VisiCalc jáde ní 1979, Lotus 1-2-3 ní 1983, Excel sì tẹ̀ lé wọn. Ilé iṣẹ́ Timberline tó wà ní Oregon láti 1971 ń ta ètò tí wọ́n ṣe fún ìṣirò ilé nìkan, títí ilé iṣẹ́ Sage fi rà á ní 2003. Ní ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì Èkó àti Ìbàdàn, Excel ṣì lọba.

Bí ètò wọ̀nyí ṣe ń ṣiṣẹ́ kò díjú. Àkójọ iṣẹ́ kan wà nínú wọn, ẹyọ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ní àyè fún owó iṣẹ́, owó ohun èlò, owó ẹ̀rọ àti owó àwọn tí a gbé iṣẹ́ kéékèèké fún. Ẹni tó fẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ nìkan lè pa owó ohun èlò rẹ́ sí òfo. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú, nítorí bí ó bá pa á rẹ́ nínú àkójọ gan-an, ilé tó bá ṣírò lẹ́yìn náà yóò jáde láìní owó búlọ́ọ̀kù. Ọ̀nà tó dára ni kí ó ṣe ẹ̀dà ìlà náà, kí ó fún un ní nọ́ńbà tirẹ̀, kí ó sì kọ iṣẹ́ ọwọ́ nìkan sára orúkọ rẹ̀. Èrè náà gba àtúnrò. Agbaṣẹ́ṣe tó máa ń fi ìdá kan lé gbogbo owó kí ó tó rí èrè yóò rí i pé, nígbà tí owó ohun èlò ti jáde, ìdá kan náà kò tó láti san owó fómánù àti owó ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ wàhálà rẹ̀ lórí iṣẹ́ kò dín kù.

Òfo tó wà ní àyè ohun èlò kò sì sọ ohun gbogbo. Ta ni yóò gbé omi wá? Ta ni yóò já simẹ́ńtì sílẹ̀ kúrò nínú ọkọ̀, ta ni yóò sì ṣọ́ ọ lóru? Pákó tí wọ́n fi ń ṣe àkàbà àti àtẹ̀gùn iṣẹ́, ìṣó, wáyà ìdérin: ṣé ohun èlò ni wọ́n ni, àbí irinṣẹ́? Bí bíríkìlà bá dé tí yanrìn kò tíì dé, ta ló ni ọjọ́ yẹn? Àwọn tó ń jẹun ọ̀wẹ̀ kò ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, nítorí gbogbo wọn mọ ojúṣe onílé. Àjèjì méjì tó pàdé lórí owó kò mọ̀ ọ́n àfi bí wọ́n bá kọ ọ́ sílẹ̀, iṣẹ́ àkíyèsí abẹ́ ìlà sì nìyẹn. Ètò kọ̀ǹpútà púpọ̀ ń gba oríṣi méjì: èyí tó wà fún ojú ọ́fíìsì nìkan, bíi ìdí tí a fi fi wákàtí kún iṣẹ́ kan, àti èyí tí yóò bá ìwé owó jáde lọ sọ́wọ́ onílé. Ohun tó bá kan ẹni tí yóò ra nǹkan gbọ́dọ̀ wà nínú ìkejì. Àkíyèsí tó kù sínú ẹ̀rọ agbaṣẹ́ṣe kò de onílé, nítorí kò sí nínú ohun tó fọwọ́ sí.